Ìkòkò Tí Ilẹ̀ Ilé Háyà Kò Gbà

Ìbídùn gbé ìkòkò náà lórí wọ inú àkáǹtì rẹ̀, ó sì fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Yàrá kan ni àkáǹtì náà, nínú ilé gígùn kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín rẹ̀ kọjá, tí yàrá ọ̀tún kọjú sí yàrá òsì. Lórí ayélujára ni ilé náà wà. Lójoojúmọ́, láti ojú kọ̀ǹpútà ni Ìbídùn máa ń wọ ibẹ̀, ojú rẹ̀ àti ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló sì máa ń wọlé. Lọ́jọ́ yìí, gbogbo ara rẹ̀ ló wọlé, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Háyà ni ó háyà yàrá náà. Àwọn mìíràn háyà tiwọn, gbogbo wọn sì jọ ń gbé lábẹ́ onílé kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

Ìkòkò tí ó gbé ni sáfà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe, ó sì ń sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gba ọ̀rọ̀ sínú, kí ó tò ó létòlétò, kí ó sì dáhùn nígbà tí ènìyàn bá béèrè. Dátábéèsì ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú ọ̀rọ̀ títò bẹ́ẹ̀. Ìbídùn ti kọ́ nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn, lọ́wọ́ olùkọ́ tí kò rí ojú rẹ̀ rí. Ẹ̀kọ́ náà kò sọ fún un pé ìkòkò yóò máa wúwo sí i bí ẹni tó gbé e bá ṣe ń ronú.

"Ibo lo fẹ́ sin mí sí?" ni ìkòkò béèrè.

"Mò ń wá ibẹ̀ lọ́wọ́."

"Dé ọrùn ni o. N kì í gba ìdajì."

Ìyá Ìbídùn jókòó sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dúró. Ìyá náà ti kú. Ìbídùn mọ̀ pé ó ti kú, nítorí òun gan-an ló yan pósí rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà tí ó yà lẹ́nu pé ìyá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lórí itan. Agbẹ̀bí ni. Kò sí agboolé kan ní Ìpetu-Odò tí kò ti fi ọwọ́ gba ọmọ. Kò kàwé, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀ láyé rẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo ìbí náà wà: ẹni tó bímọ, ọjọ́ tó bí i, bí ọmọ ṣe wá. Nígbà tí ó kú, àwọn àgbàlagbà tí wọn kò mọ ọjọ́ ìbí ara wọn wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé òkú, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì padà sílé. Nísinsìnyí ó ti wá láti sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò sọ ọ́. Bí kò bá sí ohun tí yóò gbà á, gbogbo rẹ̀ yóò bá a padà síbi tó ti wá, ìlú kan yóò sì máa rìn kiri bí ẹni tí a kò bí.

"Ṣé ibẹ̀ ti wà?" ni ìyá béèrè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó kù díẹ̀, Màámi."

"Ọmọ tó ń bọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń gbálẹ̀."

Ìbídùn gbé ọkọ́ tó mú wá sókè, ó ṣá ilẹ̀ yàrá. Sìmẹ́ǹtì náà yẹ̀ fún ọkọ́ bí omi ṣe ń yẹ̀ fún àjẹ̀, ó sì padà pa dé. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ó tún ṣá a.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ni ilẹ̀ béèrè.

"Ọmọ agbẹ̀bí Ìpetu-Odò."

"N kò béèrè ìyẹn. Nínú ilé yìí, ọmọ ta ni ọ́?"

"Àyálégbé ni mí."

"A kò fún ọ láyè," ni ilẹ̀ wí. Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀.

Ìbídùn jáde lọ sí ilé ìdáná, bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ yóò rọ̀. Inú yàrá rẹ̀ náà ló tún ti bá ara rẹ̀. Ó jáde kúrò níbẹ̀, ó wọ yàrá rẹ̀, ilé ìdáná ni. Èéfín kún ibẹ̀, kò sì sí iná. Ó ṣá ilẹ̀ ilé ìdáná, ohùn kan náà ló dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì sọ. Ó ṣá ẹ̀bá ògiri. Ó ṣá ìdí ilẹ̀kùn. Ó wá yé e pé ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo ilé náà, pé gbogbo yàrá ló ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí yóò fi òye náà ṣe kò yé e.

Màmá Dékúnlé, àyálégbé tó kọjú sí i, yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàtà ni ó ń tà. Àwọn bàtà rẹ̀ máa ń jáde rìn fúnra wọn níwájú yàrá kí àwọn oníbàárà lè rí wọn. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ òsì a gbàgbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, a sì padà lọ pè é.

"Ìbídùn, ìkòkò ńlá wo lo rù kiri yìí? Ṣé gbogbo ilé lo fẹ́ se ẹ̀wà fún ni?"

"Sáfà ni, mà."

"Sáfà! Nínú ilé háyà!" Màmá Dékúnlé pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo obìnrin tó fẹ́ gbẹ́ kànga sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ ọlọ́kọ! Ṣé o ò rí kànga onílé lẹ́yìnkùlé ni? Inú rẹ̀ ni gbogbo wa ń kó ọ̀rọ̀ wa sí. Gbogbo bàtà mi, ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn, àwọ̀ wọn, ibẹ̀ ló wà."

"Ọ̀rọ̀ ìyá mi kì í ṣe bàtà, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Kí ìyá rẹ máa fẹsẹ̀ lásán rìn nìyẹn."

Bàtà kan tí ó ń kọjá lọ dúró, ó wo Ìbídùn láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùn kò fẹ́ kànga onílé, kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni bi í ní ìdí rẹ̀. Ní Ìpetu-Odò, bí ìwọ́ ọmọ bá já, inú agboolé baba rẹ̀ ni wọ́n ń sin ín sí. Ilẹ̀ tó gba ìwọ́ ni yóò máa pe ọmọ náà títí ayé. A kì í sin ìwọ́ sí ilé háyà. Bí àyálégbé bá bímọ sí yàrá tí ó háyà, ìyá Ìbídùn a fi ewé pọ́n ìwọ́ náà, a gbé e lọ sí abúlé baba ọmọ, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀, a sì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìbídùn ti bá a rìn ìrìn bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀ fún ìwọ́, báwo ni ènìyàn yóò ṣe kó ìbí odidi ìlú lọ dà sínú kànga ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀? Ìkòkò tirẹ̀, ilẹ̀ tirẹ̀. Èyí hàn sí i kedere, ó sì jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ó hàn kedere lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ó tún yọjú, ìyá rẹ̀ ti kéré sí i. Ó ti di ọ̀dọ́bìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sílé ọkọ. Báàgì iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré ní tirẹ̀, ó sì ti bo itan rẹ̀ méjèèjì.

"Màámi, kí ló ń ṣe yín?"

"Mò ń lọ ni. Bí a ṣe ń lọ nìyí."

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì lọ."

"Èmi kọ́ ni mò ń mú un yá. Ìwọ ni o ń fi ọkọ́ ṣeré."

Ìbídùn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni kò tíì dé. Iyanrìn ló bá níbẹ̀. Iyanrìn náà kò béèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Kò jìn, kò lè gba ìkòkò dé ọrùn, kò tilẹ̀ lè gbà á dé ìbàdí, ṣùgbọ́n ìkòkò lè jókòó lé e. Ìbídùn gbé e kalẹ̀. Ìkòkò ráhùn pé òun kò jókòó dáadáa. Ìbídùn sọ fún un pé òun náà kò jókòó láti àárọ̀. Ó yọ ohun tó wà nínú ìkòkò síta, ìkòkò mìíràn ló wà nínú rẹ̀, òmíràn sì wà nínú ìyẹn, títí ó fi kan èyí tó kéré bí èkùrọ́, èyí tí ó sì wúwo ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Ó tò wọ́n padà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti wí. Gbogbo ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ jẹ́ ti onílé, nítorí náà ó dá fèrèsé kékeré kan lu sí òkè ògiri, nítòsí àjà, kí ìkòkò lè máa gba ibẹ̀ gbọ́ ìpè. Ògiri gbà fún un. Kò mọ ìdí tí ògiri fi gbà nígbà tí ilẹ̀ kọ̀.

Ìkòkò mí. Ó tún mí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbóná.

"Màámi! Ó ti wà o!"

Ìyá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu sí ẹnu ìkòkò, kò sì fi àkókò ṣòfò. "Ọmọ Akínbámi elépo. Ẹsẹ̀ ló mú wá. Ìgè ni. Ọjọ́ tí ìjì ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ lọ ni. Ọmọ Mosúnmọ́lá aya káfíńtà. Ó dojú bolẹ̀ jáde, Àjàyí ni. Ọjọ́ kejì ọdún ìkórè ni. Ọmọ Wúlẹ̀mọ́tù. Ó wà nínú àpò rẹ̀, mo fi eyín ya á. Ọ̀kẹ́ ni." Bí ó ti ń sọ ọ́, ìkòkò ń gbé e mì, ìró rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí ẹ̀kán omi bá kán sínú àgbá tó jìn. Ìbídùn jókòó sílẹ̀. Ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Gbénró ló wọlé, alábòójútó ilé. Ó gbé àpò ìdọ̀họ tútù mẹ́ta kọ́ èjìká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, kí ó sì da àpò tútù bo ohunkóhun tó bá ń mí tí kì í ṣe ti onílé.

"Ta ló ń mí níbí?"

"Ìkòkò ni, Bàbá. N kò sin ín o. Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni."

"Mo rí i pé o ò sin ín. Ẹni tó ń mí ni mo béèrè." Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Ohun tó bá ń mí ń jẹun, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé yìí ní. Ìkòkò rẹ ti jẹ tìrẹ tán, ó ti bọ́ sórí ti ará ilé."

Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Dékúnlé kígbe: "Bàtà mi dúró o! Gbogbo wọn dúró sójú kan bí ẹni rí ejò! Ẹni tó ń jẹ afẹ́fẹ́ mi, kò ní yó!"

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Òkú ni ìyá mi. Kò ní padà wá mọ́."

"Ẹ kú ìrìn o, Ìyá," ni Bàbá Gbénró wí fún ìyá, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, nítorí ọmọlúàbí ni. Lẹ́yìn náà ó da àpò tútù bo ìkòkò.

Ìkòkò ń sọ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, kò parí rẹ̀. Èémí rẹ̀ dá. Ohun tó ti gbé mì tú jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ó sì ń ṣàn lọ sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìbídùn fi ọwọ́ méjèèjì bù ú. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, "ẹsẹ̀ ló mú wá," ohùn náà gbẹ, kò sì sí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìgè ọmọ Akínbámi bá omi náà lọ. Àjàyí lọ. Ọ̀kẹ́ lọ. Níbì kan, àwọn àgbàlagbà mẹ́ta dìde lórí ìjókòó wọn láìmọ ohun tó dé.

"Màámi, ẹ tún wọn sọ."

"Mo ti gbẹ̀bí àwọn yẹn tán. A kì í bí ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì." Ìyá ti di ọmọbìnrin tí kò tíì tó í gbé omi lórí. Ó gbé ọwọ́ kékeré lé báàgì ńlá náà. "Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Kò síbi tí n ó fi wọ́n sí."

"Ìyá oníbàtà yẹn ní kànga wà."

"Kànga onílé ni, Màámi! Ilé háyà nìyí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í sin ín sí ilé háyà. Inú òjò lẹ ti ń gbé e lọ sílé. Mo bá yín lọ!"

Ìyá wò ó bí ó ti máa ń wò ó nígbà ayé rẹ̀, nígbà tí Ìbídùn bá gbé omi gbígbóná wá nígbà tí aṣọ ni wọ́n ní kó mú wá.

"Ìwọ́ ni mo ń sin," ni ìyá wí. "Ta ló sọ fún ọ pé mo sin orúkọ rí? Bí mo bá ti sin ìwọ́ tán, ṣebí ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí tí mo ń pariwo ọmọ náà fún ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀? Ìwọ́ ní ilẹ̀. Orúkọ kò ní ilẹ̀, ẹnu aráyé ló ń gbé. O fẹ́ gbé gbogbo wọn sínú ìkòkò, kí o tún gbẹ́lẹ̀ sin ìkòkò. O fẹ́ sin ọmọ ọlọ́mọ lóòyẹ̀."

Ìbídùn ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti gba ọ̀nà oko lọ sí odò láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn, ó fi báàgì kọ́ apá, ó sì tẹ̀lé Bàbá Gbénró jáde.

Ẹ̀yìnkùlé náà gbòòrò ju ilé lọ. Ọ̀sán gangan ni, kò sì sí oòrùn lójú ọ̀run. Kànga wà láàárín, okùn pọ̀ sí etí rẹ̀ bí irun, okùn kan fún àyálégbé kan. Ìbídùn bojú wò ó. Ó ti rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ará ilé ni yóò lú pọ̀ mọ́ra wọn níbẹ̀ bí omi ìfọṣọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi náà tò lé ara rẹ̀ ní àwọ̀ àwọ̀, ọ̀kan kò sì fara kan èkejì. Ó rí bàtà Màmá Dékúnlé nísàlẹ̀, wọ́n dúró méjì méjì, wọ́n ń sinmi.

Bàbá Gbénró so okùn tuntun mọ́ etí kànga. "Sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí, èyí tí ìwọ nìkan mọ̀. Òun ni yóò fi mọ̀ ọ́."

Ìbídùn sọ ọ̀rọ̀ náà sí okùn létí. Okùn gbọn ara rẹ̀, ó gbà. Kò bi í léèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Ó ṣe é ní háà pé ohun tí òun ti fi gbogbo ọjọ́ wá kiri kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ó gbé ìyá rẹ̀ jókòó sí etí kànga, ó di ìbàdí rẹ̀ mú. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Kò mú ẹnu kúrò. Àwọn ìbejì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú wá, ọmọ oníka mẹ́fà, èyí tí kò sunkún títí wọ́n fi pe orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, èyí tí wọ́n bí sí ìdí igi kòkó, èyí tí ìyá rẹ̀ kú kó tó rí i. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé okùn, ó sì ń tẹ́ ara rẹ̀ sínú omi ní àwọ̀ kan tí Ìbídùn kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìbàdí tí ó dì mú ń kéré lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn ìyá ń yí padà sí ti ọmọdé, lẹ́yìn náà sí ti ẹni tí eyín rẹ̀ kò tíì pé, ṣùgbọ́n kò fo ẹnì kan. Àwọn ará ilé ti jáde, wọ́n dúró yí kànga ká. Màmá Dékúnlé ṣí gèlè rẹ̀.

"Ó tán," ni ìyá wí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yé ẹnikẹ́ni.

Ìbídùn wo ọwọ́ ara rẹ̀. Aṣọ ìró ìyá rẹ̀ ló dì mú, ó tutù rin, kò sì sí ẹni nínú rẹ̀.

Kò sunkún. Wọ́n ti kọ́ ọ nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé iṣẹ́ tí a kò dán wò kò tíì parí, pé kí ènìyàn béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbà pé ó ṣe. Ó wá ohun tí yóò béèrè. Gbogbo ọmọ ìlú ni ìyá rẹ̀ ti kà, òun tí í ṣe ọmọ agbẹ̀bí kò sì gbọ́ tirẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí kànga.

"Èmi Ìbídùn ńkọ́? Ta ló gbà mí?"

Lẹ́yìn náà okùn le lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúwo, ohun kan sì ń fà á láti ìsàlẹ̀. Ìbídùn tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó fà á. Okùn bó o lọ́wọ́. Bàbá Gbénró di ìbàdí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, Màmá Dékúnlé di ti Bàbá Gbénró mú.

"Fà á, Ìbídùn! Má ṣojo! Fà á tagbára tagbára!" ni Màmá Dékúnlé kígbe.

"Rọra," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀ kànga, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Rọra fà á. Orí rẹ ló ń bọ̀."